Yíyan Ohun Ìdánwò Omi fún Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Ilé Kan ní Òṣogbo: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́

Adágún tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé wà nínú ọgbà ilé kan ní GRA ní Òṣogbo. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 8, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 4. Omi rẹ̀ jìn ní mítà 1.2 ní apá àwọn ọmọdé, ó sì dé mítà 1.8 ní apá kejì, nítorí náà nǹkan bíi lítà 48,000 omi ni ó ń gbà bí ó bá kún. Mo fi nọ́ńbà yìí ṣáájú nítorí pé kò sí kẹ́míkà kan tí a lè wọ̀n fún adágún tí a kò mọ iye omi inú rẹ̀. Kànga ẹ̀rọ inú ọgbà náà ni wọ́n fi ń kún un.

Màmá tó ni ilé náà ló ránṣẹ́ pè mí. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó wá lo ọlidé ń fi ojú pípọ́n jáde nínú omi, ògiri adágún ń yọ̀, omi fúnra rẹ̀ sì ń dà bí ẹni pé ó fẹ́ di àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìra kiloríìnì. Nígbà tí mo dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹnjiníà, kiloríìnì mélòó lo gbé wá?" Mo ní, "Mi ò tíì gbé ọ̀kankan wá, Mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ èyí tó wà nínú omi." Inú wọn kò dùn sí ìdáhùn yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí a ra ohun ìdánwò tó péye kí owó mìíràn tó tún bá kẹ́míkà lọ.

Ohun tí a bá nínú yàrá ẹ̀rọ

Nínú yàrá tí ẹ̀rọ ìfami àti asẹ́ wà ni mo ti rí àpótí kékeré kan tó ní túùbù méjì àti ìgò kẹ́míkà méjì. Èkíní ni orthotolidine, tí wọ́n ń pè ní OTO, èyí tí a ń kán sínú omi tí omi náà yóò sì pọ́n bí ìyeyè bí kiloríìnì bá wà níbẹ̀. Èkejì ni phenol red tó ń fi pH hàn (òdiwọ̀n ásíìdì inú omi: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó), láti àwọ̀ ìyeyè ní 6.8 títí dé pupa ní 8.2. Àpótí yìí tó fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kiloríìnì wà tàbí kò sí. Àléébù rẹ̀ ni pé OTO kò lè ya kiloríìnì tó ṣì ní agbára láti pa kòkòrò àrùn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti so pọ̀ mọ́ òógùn àti ìtọ̀, tí agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àpapọ̀ méjèèjì ni ó ń kà. Kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó máa kan ara ènìyàn pẹ̀lú, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ da omi tí a fi dán an wò padà sínú adágún.

Agolo bébà ìdánwò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo fa bébà kan yọ, mo sì rí i pé àwọ̀ ti hàn lára rẹ̀ kí ó tó kan omi rárá. Bébà yìí kórìíra ọ̀rinrin. Ìka ọwọ́ tó tutù tó bá wọ inú agolo náà lẹ́ẹ̀kan lè ba ìyókù jẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti yàrá tí bọ́kẹ́ẹ̀tì kiloríìnì wà, tí èéfín rẹ̀ ń fẹ́ lu gbogbo nǹkan tọ̀sán tòru. Mo da gbogbo rẹ̀ nù.

Ohun tó gba àfiyèsí mi jù ni bọ́kẹ́ẹ̀tì kiloríìnì náà. Oníhóró ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní trichlor, tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Ó rọrùn láti lò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá wá: ní gbogbo ìgbà tí ó bá fi kiloríìnì 10 ppm kún omi, ó ń fi nǹkan bíi 6 ppm cyanuric acid kún un, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní CYA. (Mílígíráàmù kan nínú lítà omi kan ni ppm kan.) Oòrùn ń pa kiloríìnì, àwọn ènìyàn ń lò ó tán, ṣùgbọ́n CYA kì í gbẹ, kì í sì í jóná. Inú omi ni ó ń pé jọ sí lọ́dọọdún. Kò sí ohun kan nínú àpótí kékeré yẹn tó lè fi í hàn, mo sì ti ń fura sí i kí n tó ṣí ìgò kan.

Àpótí tí a rà

Ní Òṣogbo, kiloríìnì kò wọ́n, ohun ìdánwò ló wọ́n. Láti Ìbàdàn tàbí Èkó ni a ti máa ń ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ra a gbọ́dọ̀ ní kí olùtajà ya fọ́tò ọjọ́ tí kẹ́míkà inú rẹ̀ máa bàjẹ́ ránṣẹ́ kí owó tó jáde. Mo yẹ irú mélòó kan wò.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí a fi ń fi àwọ̀ wé àwọ̀. Omi ni a ó bù sínú ìgò, a ó fi hóró DPD sí i, yóò di píńkì, a ó sì wo àwọ̀ tó bá a dọ́gba lára páálí. A. T. Palin ará Bìrìtìkó ló gbé ọ̀nà DPD yìí jáde ní 1957, ó sì dára ju OTO lọ nítorí pé hóró kìíní ń ka kiloríìnì tó ní agbára nìkan, hóró kẹta sì ń ka àpapọ̀. Ibi tó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ojú ènìyàn. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi wo ìgò kan náà ní ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní 2 ni, ó ní 3 ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ẹnìkejì ń parọ́. Ó dùn mọ́ mi láti rántí pé ìṣòro ojú yìí ti pẹ́: Joseph Lovibond, ẹni tó ń pọn ọtí bíà ní Sọ́lísíbẹ̀rì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá ilé-iṣẹ́ Tintometer sílẹ̀ ní 1885 kí ó lè fi gíláàsì aláwọ̀ wọn àwọ̀ ọtí rẹ̀, títí di òní sì ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ta ohun ìdánwò omi púùlù. Inú yàrá ìwádìí ilé ọtí Carlsberg ní Dẹ́ńmáàkì ni Sørensen, onímọ̀ kẹ́míkà, náà ti gbé òdiwọ̀n pH kalẹ̀ ní 1909. Omi tí ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ jẹ àwọn apọntí ní gbèsè.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná wo àwọ̀ tí yóò sì kọ nọ́ńbà jáde yanjú ọ̀rọ̀ ojú. Ó wọ́n, ó ń lo bátìrì, àmì ìka lásán lára ìgò rẹ̀ sì lè yí nọ́ńbà padà, nítorí náà mo rí i bí ohun tó yẹ òtẹ́ẹ̀lì tàbí ẹni tó ń tọ́jú adágún púpọ̀ lóòjọ́. Ní ti ohun èlò bíi gègé tí wọ́n ń tà olówó pọ́ọ́kú láti fi ka pH, n kò gbà á nímọ̀ràn fún ẹni tí kò ní omi òdiwọ̀n pH 7 tí yóò máa fi tún un ṣe, tí kò sì ní jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ gbẹ. Gègé TDS tó jọ ọ́, èyí tó ń ka àpapọ̀ ohun tó ti yọ́ sínú omi, kò tilẹ̀ mọ kiloríìnì sí iyọ̀.

Èyí tí a rà ni ti kíka ẹ̀kán, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Taylor ní Amẹ́ríkà ń tà ní K-2006. Ọ̀nà FAS-DPD ni ó ń lò fún kiloríìnì. A ó bu omi mílílítà 10, a ó da ìyẹ̀fun sí i, omi yóò di píńkì. Lẹ́yìn náà ni a ó máa kán kẹ́míkà kejì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ó máa mi ìgò náà, títí tí píńkì náà yóò fi pòórá. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.5 ppm. Ẹni tó bá lè kà, tó sì lè rí ìgbà tí àwọ̀ kúrò nínú omi, ti lè ṣe é. Kò sí páálí tí a ó gbé sókè sí oòrùn, kò sì sí àríyànjiyàn. Àpótí náà tún ní èyí tó ń ka pH, alkalinity (ohun inú omi tí kì í jẹ́ kí pH rẹ̀ yí padà kíákíá), kálísíọ́mù àti CYA. Nítorí CYA yìí ni mo ṣe taku pé òun ni kí a rà.

Nínú yàrá Màmá ni àpótí náà ń gbé báyìí, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn. Ooru àti oòrùn ń ba kẹ́míkà ìdánwò jẹ́, yàrá ẹ̀rọ sì burú jù lọ fún un.

Ìdánwò àkọ́kọ́

Bí a ṣe ń bu omi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi ní èyí kí ó tó fọwọ́ kan ìgò kẹ́míkà kankan. A kì í bu omi ojú adágún, a kì í sì í bù ú níbi tí omi ti ń padà wọlé láti inú asẹ́. A ó dojú ìgò dé, a ó tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi títí tí omi yóò fi dé ìgúnpá, níbẹ̀ ni a ó ti yí ojú rẹ̀ sókè. A ó fi omi adágún náà ṣan túùbù kí a tó wọn èyí tí a máa lò, a ó sì di ìgò kẹ́míkà mú lóòró gangan bí a bá ń kán an, nítorí ìgò tó dagun máa ń kán ẹ̀kán tí kò dọ́gba.

Kiloríìnì tó ní agbára: ẹ̀kán 6, ìyẹn 3 ppm. A wá kán kẹ́míkà tó ń fi èyí tó ti so pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí hàn sínú ìgò kan náà, píńkì sì padà wá. Ẹ̀kán 2 ni ó gbà kí ó tó lọ, ìyẹn 1 ppm. Kò yẹ kí ó ju 0.4 lọ. Phenol red dúró ní àwọ̀ ìyeyè pátápátá, ìyẹn 6.8 tàbí kí ó kéré sí i, nítorí àwọ̀ yẹn kò lè sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ 6.8. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ní kí pH adágún wà láàárín 7.0 sí 7.8, kí kiloríìnì má sì dín ní 1 ppm, tàbí 2 ppm bí CYA bá wà nínú omi. Pẹ̀lú ásíìdì tó pọ̀ báyìí àti kiloríìnì tó ti so pọ̀ mọ́ òógùn, kò yà mí lẹ́nu pé ojú àwọn ọmọ ń ta wọ́n. Ìpata ti wà lára àkàsọ̀ irin pẹ̀lú. Trichlor fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tó ní ásíìdì, ó sì ti jẹ alkalinity omi náà lọ sí 60 ppm, bẹ́ẹ̀ 80 sí 120 ni a máa ń fẹ́. Ìdánwò náà tún ń ka apá kan CYA mọ́ alkalinity, nítorí náà èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an kò tó 60 yẹn.

Ó wá ku CYA. Ìdánwò yìí kò ní àwọ̀. A ó po omi adágún àti kẹ́míkà pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà nínú ìgò, a ó mì í fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, yóò sì di funfun bí omi ògì. A ó wá máa dà á díẹ̀díẹ̀ sínú túùbù tóóró tó ní àmì dúdú ní ìsàlẹ̀. Ìta ni a ti ń ṣe é, a ó kẹ̀yìn sí oòrùn, a ó di túùbù mú sí ìbàdí, a ó sì máa wò ó láti òkè. Ibi tí àmì dúdú náà bá ti pòórá ni a ó ka nọ́ńbà. Tiwa pòórá kí omi náà tó dé ìlà 100, ìlà tó wà nísàlẹ̀ jù lára túùbù, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì pọ̀ jù. Nítorí náà a po omi adágún mọ́ omi kànga ní ìlàjì-ìlàjì, a tún un ṣe, ó sì fi 80 hàn. Ní ìlọ́po méjì, 160 ppm nìyẹn. 30 sí 50 ni ó dára.

Nígbà náà ni mo tó lè ṣàlàyé fún Màmá. CYA kì í ṣe ọ̀tá. Láìsí i, oòrùn ọ̀sán lè pa ju ìdajì kiloríìnì lọ láàárín wákàtí kan. Ó ń di kiloríìnì mú kí oòrùn má baà rí i pa, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ó di í mú débi pé kò ráyè ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ń fi ìdá 7.5 nínú 100 CYA ṣe òdiwọ̀n kiloríìnì tó kéré jù tí ọbẹ̀dò kò fi ní hù. Ní CYA 160, 12 ppm nìyẹn. 3 ppm ni ó wà níbẹ̀. Kiloríìnì wà nínú omi náà lóòótọ́, àpótí àtijọ́ kò purọ́, ọbẹ̀dò sì ń hù lójú rẹ̀. "Nítorí náà, bí mo ṣe ń rà á sí i ni mo ń dá kún un?" ni Màmá wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

Omi kànga ẹ̀rọ

Kò sí kẹ́míkà tí ènìyàn ń rà ní ọjà tó ń fi ìrọ̀rùn mú CYA kúrò. Omi ni a ó dà nù, a ó sì fi tuntun rọ́pò. Kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, a dán omi tuntun náà wò. Kálísíọ́mù rẹ̀ jẹ́ 90 ppm, èyí tó kéré fún adágún onísìmẹ́ńtì, nítorí omi tí kálísíọ́mù rẹ̀ kò tó 200 a máa jẹ sìmẹ́ńtì àárín táìlì. Ìdánwò tó tẹ̀ lé e kò ná wa ní kọ́bọ̀: a bu omi kànga náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, a fi kiloríìnì díẹ̀ sí i, a sì gbé e jókòó. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ti pọ́n bíi tíì. Irin ni, ó sì wọ́pọ̀ nínú kànga ẹ̀rọ ní àwọn agbègbè wa. Bí a bá ti fa omi yẹn tààrà sínú adágún tó ní kiloríìnì, ara táìlì ni ìpọ́n yẹn ìbá ti lọ jókòó sí. A wá ń jẹ́ kí omi fọ́n wọ inú táńkì òkè bí òjò kí afẹ́fẹ́ lè bá a, a ń fi í sílẹ̀ kí irin náà rọ̀ sílẹ̀, a sì ń fa omi láti apá òkè táńkì. Ìpọ́n náà kò tán pátápátá nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó dín kù débi tí asẹ́ lè bójú tó ìyókù.

Dídà omi nù

A dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Adágún tí a bá gbẹ nígbà òjò, tí omi inú ilẹ̀ sì ga, lè là tàbí kí ó gbéra láti ìsàlẹ̀, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́ta ni a ń dà nù lẹ́ẹ̀kan, a ó kún un, ẹ̀rọ yóò pò ó pọ̀, kí a tó tún dà á. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: 160 yóò di nǹkan bíi 107, yóò di 71, yóò di 47. Kí omi náà tó jáde, a dáwọ́ kiloríìnì dúró, a sì fi àpótí wa dán an wò títí tí ìyẹ̀fun kò fi mú píńkì kankan wá mọ́. Gọ́tà àdúgbò náà ń ṣàn lọ sínú odò kékeré, odò kékeré sì mọ ọ̀nà Ọ̀ṣun. Kiloríìnì tí kò ṣe ọmọ ènìyàn ní nǹkan a máa pa ẹja. Àpótí ìdánwò wúlò fún omi tó ń jáde bí ó ti wúlò fún èyí tó wà nílé.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, túùbù alámì dúdú fi 50 hàn. pH ti gòkè dé 7.4 fúnra rẹ̀ nítorí omi tuntun. Bákìn sódà (baking soda) ni a fi gbé alkalinity sókè; ó ń gba nǹkan bíi gíráàmù 800 láti fi 10 ppm kún omi adágún yìí.

Kiloríìnì púpọ̀ àti ìdánwò òru

A fi trichlor sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í lo calcium hypochlorite oníyẹ̀fun, 65%. Gíráàmù 74 rẹ̀ ń fi 1 ppm kún lítà 48,000. Kò ní CYA nínú, kálísíọ́mù ni ó ń fi sílẹ̀, nǹkan bíi 7 ppm fún kiloríìnì 10 ppm, èyí tí omi wa sì ń fẹ́. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ni a ti ń pò ó. Omi ni ó ń ṣáájú, ìyẹ̀fun ni ó ń tẹ̀ lé e. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí trichlor ti wà nínú rẹ̀ rí kò gbọ́dọ̀ gbà á láé, nítorí pé méjèèjì lè gbiná bí wọ́n bá pàdé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ kan ásíìdì.

A gbé kiloríìnì dé 20 ppm láti pa ọbẹ̀dò tó kù, a sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri. Ní ọjọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ mi lo hóró DPD tí a rà fún ìfiwéra, ó sì na ìgò náà sí mi. "Ọ̀gá, kiloríìnì ti tán o." Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Mo ní kí ó tún un ṣe, kí ó sì tẹjú mọ́ hóró náà bí ó ti ń yọ́. Píńkì tó jinlẹ̀ yọ fìrí ní ìdí ìgò, ó sì pòórá. Kiloríìnì tó pọ̀ jù ló ń bó àwọ̀ náà; ẹni tí kò mọ̀ yóò tún lọ da òmíràn sí i. Bí a bá fi omi tí kò ní kiloríìnì là á kí a tó dán an wò, a ó rí òótọ́. Phenol red náà kì í ṣeé gbà gbọ́ bí kiloríìnì bá ti kọjá 10 ppm; ó lè di àwọ̀ àlùkò. Ìdí nìyẹn tí a fi ka pH kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìdánwò òru. Bí oòrùn bá ti wọ̀, a ó ka kiloríìnì. Kí oòrùn tó yọ, a ó tún un kà. Níwọ̀n bí kò ti sí oòrùn lóru, tí kò sì sí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, ohun tó bá dín kù ju 1 ppm lọ, ohun alààyè kan ló jẹ ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dín ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ń bá a lọ títí tí ẹ̀kán ìrọ̀lẹ́ àti ti ìdájí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí èyí tó so pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí kò ju 0.5 lọ, ìyẹn ẹ̀kán kan, èyí tó kéré jù tí àpótí wa lè kà, tí a sì rí ìlà àárín táìlì ní ibi tó jìn jù.

Ohun tó kù

Kiloríìnì àti pH ni à ń kà lójoojúmọ́ tí àwọn ọmọ bá wà nílé, kiloríìnì kì í sì í wọ ìsàlẹ̀ 4 ppm. Alkalinity di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. CYA àti kálísíọ́mù di oṣooṣù, ṣùgbọ́n a ó tún CYA kà bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, nítorí òjò tó kún adágún tó sì ṣàn kúrò ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹ̀fun DPD ni ó ń tán kíákíá jù nínú àpótí náà, a sì ti ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. A kò tíì pààrọ̀ àkàsọ̀ tó dípata.